Ẹyin Tí Mi Ò Fọ́ Wò Rí

Kò sí ẹlẹ́yin tó mọ ẹyin jù mí lọ ní Ẹdẹ nígbà ìjọba ológun. Mi ò fi yangàn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú, tó sì ti tó mi lọ́jọ́ orí, á jẹ́rìí sí i. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ pólì ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀gá. Kí ẹni tó kàwé máa pe ẹni tí kò kàwé ní ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ìjọba ti ní kí kálukú fún ìgbànú mọ́ra. Oúnjẹ adìyẹ wọ́n bí ojú, àwọn olóko ń pa adìyẹ wọn tà, ẹyin wá di ohun tí wọ́n ń rà ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Ẹni tó bá ra ẹyin méjì lọ sílé, tó sì bá ọ̀kan tó ti rà nínú rẹ̀, kò ní padà sọ́dọ̀ ẹ mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yẹ gbogbo ẹyin mi wò kí n tó tà á. Iná mànàmáná kì í sábà sí, bátìrì tọ́ọ̀ṣì sì ti kọjá agbára mi, ni mo bá lu ihò kan sára pákó fèrèsé yàrá tí mo ń kó ẹyin sí. Ihò náà ò tóbi tó ẹyin fúnra rẹ̀. Tí oòrùn bá ti gbéra dáadáa, mo máa ti ilẹ̀kùn, yàrá á ṣókùnkùn birimù, ìtànṣán kan ṣoṣo á gba ibẹ̀ wọlé. Mo máa gbé ẹyin lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa rọra yí i. Èyí tó dára á pọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ tí èèyàn fi bo àtùpà. Èyí tí mo bá rí dúdú nínú rẹ̀, tàbí tí nǹkan kan ń mì níbẹ̀ bí omi, ọwọ́ òsì ni mo máa gbé e sí. Kíréètì mẹ́wàá ni mo máa ń yẹ̀ wò kí oòrùn tó kan àtàrí, ọgbọ̀n ẹyin ló sì wà nínú kíréètì kan. Ẹ wá ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ wá.

Oko méjì ni mo ti ń rà á. Ọ̀kan wà lọ́nà Awo, ẹni tó ni ín ń ṣa ẹyin láàárọ̀, ó ń ṣa á nírọ̀lẹ́, ẹyin rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ lọ́wọ́. Èkejì wà lápá Sekona. Onítọ̀hún máa ń kó ẹyin jọ sábẹ́ páànù títí yóò fi pọ̀ tó láti pe oníbàárà. Tí Awo ò bá ní, mo máa lọ sí Sekona.

Àwọn tí mo gbé sọ́wọ́ òsì, mi ò kì í sọ wọ́n nù. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Owó ìfẹ̀yìntì ò jáde déédéé nígbà náà, ni ìyá bá ń dín bọ́ńsì tà. Òun ni mo ń ta ẹyin ọwọ́ òsì fún ní ìlàjì owó. Mi ò bi wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé bọ́ńsì wọn dùn, méjì ni mo sì ń jẹ láràárọ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ta ẹyin, kò sí ẹni tó dá ọ̀kan padà fún mi. Mo máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé ojú tèmi kì í ṣìnà.

Ọdún kẹta tí mo fẹ́ ìyàwó mi ló lóyún. A ti dúró dè é gan-an. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláboyún, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó padà lọ, wọ́n sọ fún un pé àyẹ̀wò rí àrùn kan nínú ẹ̀jẹ̀ náà, irú èyí tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń kó ran ara wọn lórí ibùsùn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan, wọ́n ní kó padà wá gba méjì sí i, kó sì mú ọkọ rẹ̀ dání.

Inú yàrá òkùnkùn yẹn ló ti bá mi. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Mo gbé ẹyin tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Ta ni?" Ohun tí mo bi í nìyẹn.

"Ta ló ṣe kí ni?"

"Ẹni tó kó o ràn ẹ́."

"Tí mo bá kó o lára ẹnì kan," ó ní, "ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀."

Ohùn mi ti lọ sókè nígbà yẹn. Agboolé wa ò sì ní àṣírí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá kan àti èkejì. Kí n tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ aró, torí aláró ni wọ́n. Wọ́n wo ìyàwó mi láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́," ni wọ́n wí. "Èèyàn ló ń purọ́."

Wọ́n ní ká pe ẹbí jọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a bá ti kírun tán, ká ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó mi pé a ò ṣe mọ́, kí wọ́n sì wá ẹni tó ni oyún. Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi ò dúró de Jímọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé àpótí kékeré kan, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ, lápá ọ̀nà odò. Mo rí i tó ń lọ. Mi ò pè é padà. Mo ti wò ó bí mo ṣe ń wo ẹyin, mo sì ti gbé e sọ́wọ́ òsì.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹyin ọwọ́ òsì lọ bá ìyá nọ́ọ̀sì bí mo ṣe máa ń ṣe. Méjìlá láti Awo, mẹ́jọ láti Sekona, mo dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa sọ ibi tó ti wá. Wọ́n wò mí látòkè awò ojú wọn.

"Ẹlẹ́yin, kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣe é kì í kí mi ní 'ẹ káalẹ́' láàárọ̀."

Mo jókòó, mo rò ó fún wọn. Mo lérò pé wọ́n máa ṣàánú mi. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátápátá.

"Wọ́n sọ fún yín pé àyẹ̀wò yẹn máa ń ṣì wí?" ni wọ́n béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Nọ́ọ̀sì ni wọ́n?"

"Aláró ni wọ́n, mà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun tí ìwọ mọ̀. Ẹyin Awo tí o bá gbé sọ́wọ́ òsì, mélòó ló máa ń bàjẹ́ nínú mẹ́wàá?"

Mo ti fẹ́ bínú. "Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni, mà. Ìdí tí mo fi gbé e sọ́tọ̀ nìyẹn."

Ìyá yìí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú, wọ́n fi etí ìró nu ún. "Bọ́ńsì mélòó lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Méjì."

"Ẹyin tó ti rà ni mo fi pò ó?"

Ọdún mélòó ni mo fi ń jẹ bọ́ńsì yẹn, mo ń lá ọwọ́, kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan láti béèrè bí ẹyin burúkú ṣe ń di bọ́ńsì dáradára.

Wọ́n dìde, wọ́n yọ kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá kúrò lára ògiri, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi bírò fà ló kún ibẹ̀, márùn-ún márùn-ún, lọ́nà méjì, ti Awo lọ́tọ̀, ti Sekona lọ́tọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tó da ẹyin mọ́ ìyẹ̀fun, inú ife ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n á sì fa igi sílẹ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti kékeré ni, ọwọ́ wọn ò lè rí nǹkan kó má kọ ọ́.

"Ogójì tí o kó wá kẹ́yìn láti Awo," ni wọ́n wí. "Méje ló bàjẹ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n dára bí èyí tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Wá wo Sekona. Ogójì náà ni. Ọgbọ̀n ló ti rà, mẹ́wàá ló dára."

Mo ka igi yẹn fúnra mi. Mo mọ iye kíkà, ẹ má fojú kéré mi. Bí wọ́n ṣe wí ló rí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí, mà?"

"Kí n sọ fún ọ, kí o sì fowó lé e?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Wọ́n jókòó ti mi.

"Ojú kan náà lo fi wo méjèèjì," ni wọ́n ní. "Ihò kan náà, oòrùn kan náà. Kí ló wá dé tí òsì ti Awo fi dára, tí òsì ti Sekona ò dára?"

Mo ronú sí i. "Oko ni, mà."

"Oko ni. Ìwọ ò tíì gbé ẹyin dé ẹnu ihò tí oko ti sọ̀rọ̀."

Wọ́n mú ègé ẹfun kan, wọ́n kọ ìṣirò sórí pákó tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Ká ní mo kó kíréètì mẹ́wàá láti Awo, ọ̀ọ́dúnrún ẹyin nìyẹn. Ká ní mẹ́ta péré ló bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ojú mi mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò bá mi jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyin kan wà tó dára, tí èèpo wọn nípọn tàbí tó ní àbàwọ́n, tó máa ń ṣókùnkùn lójú ihò. Ká ní nínú ogún ẹyin tó dára, ọ̀kan máa ń tàn mí jẹ. Nínú ọ̀ọ́dúnrún, ó máa tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìdínlógún ni mo gbé sọ́wọ́ òsì. Mẹ́ta péré ló sì bàjẹ́ ní tòótọ́.

Mo wo pákó yẹn. Ojú mi kò burú, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohun tó bàjẹ́ kò bọ́ mọ́ mi lójú. Síbẹ̀, nínú mẹ́fà tí mo bá dá lẹ́bi, márùn-ún ni kò ṣẹ̀. Báwo ni ohun méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀? Òtítọ́ sì ni. Pákó ìyẹ̀fun ló sọ ọ́.

"Aláboyún ọ̀ọ́dúnrún ńkọ́?" ni ìyá wí jẹ́ẹ́. "Mi ò mọ iye tí àrùn yẹn wà lára wọn ní Ẹdẹ, kò sí ẹni tó kà á fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní i. Oyún fúnra rẹ̀ sì máa ń mú kí àyẹ̀wò yẹn ṣì wí. Ibà náà ń ṣe é. Oyún yẹn ni èèpo tó nípọn."

"Ẹ ń sọ pé kò ní i, mà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé yẹn nìkan ò tó láti tú ilé ká. Kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, nítorí ọmọ inú. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣèèṣì wọlé ò ní ba nǹkan jẹ́. Ilé tí o bá tú, abẹ́rẹ́ wo lo fẹ́ fi tún un ṣe?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó gún mi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, ó yẹ ká mọ oko tí ìyàwó mi ti wá. "Oko yẹn ni ìwọ," wọ́n ní. "Tí ó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ló mọ̀. Awo ni ọ́, àbí Sekona?"

Mo ní Awo ni. Wọ́n kàn ń wò mí. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo ààrò, mo wá jẹ́wọ́ pé kí n tó gbéyàwó, nígbà tí mo ń sun oko nítorí ẹyin, obìnrin kan wà. Bóyá méjì. Kò sí ẹni tí mo tíì sọ ọ́ fún rí.

"O ṣeun," ni wọ́n wí, bíi pé mo san owó ọjà. "Nígbà náà, ìwọ ni kó kọ́kọ́ na apá. Àyẹ̀wò mìíràn wà ní Òṣogbo, ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ohun tó ń tan ti àkọ́kọ́ jẹ kì í sábà tàn án. Kí ẹ̀yin méjèèjì ṣe é. Tí ìyẹn náà bá mú yín, a ó gbà. Méjìdínlógún tí ti àkọ́kọ́ ti yà sọ́tọ̀ nìkan la máa wá yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀ọ́dúnrún mọ́."

Wọ́n ti ẹyin mi padà sí mi. "Mo ti ra wọ́n. Gbé wọn lọ sílé, kí o fọ́ wọn fúnra ẹ. Ti Awo, méjì á bàjẹ́, bóyá mẹ́ta. Ti Sekona, mẹ́fà."

Mo gbé abọ́ kan wọ yàrá, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Mo fọ́ èkíní. Pupa rẹ̀ dúró gíngín láàárín abọ́, ó ń dán. Èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta rùn. Mo ń fọ́ ọ, mo ń kà á. Nígbà tí mo fọ́ ti Awo tán, méjì ló ti bàjẹ́, mẹ́wàá ló wà níwájú mi bí oòrùn mẹ́wàá. Ti Sekona, mẹ́fà ni ìyá sọ, méje ni mo bá. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ìyá yẹn ò gbé ọ̀kan sójú oòrùn. Wọn ò mì ín létí. Igi tí wọ́n fà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi rí inú ẹyin tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé yìí, mo ti rí àgbàrá gbé mọ́tò, mi ò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Iye tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi nílé ìwé, mo rò pé owó nìkan ni wọ́n fi ń kà. Mi ò mọ̀ pé ó ní ojú, àti pé ojú rẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo rántí ìyàwó mi tó ń lọ tòun tàpótí, mo sì dìde.

Iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni mo ti bá a, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. Mo sọ fún un pé ká lọ sí Òṣogbo láàárọ̀ ọ̀la, àwa méjèèjì.

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ ṣe é."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. "Màá lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n iwájú bàbá mi lẹ ti máa ka tiyín, kí ẹ tó mọ tèmi."

Báyìí ni mi ò ṣe sí níbi ìpàdé Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti pe àwọn èèyàn jọ, wọn ò rí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí mo dé láti Òṣogbo tòun ti òwú lápá, ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí lójúde, wọ́n ti gbọ́ ẹni tó rán mi lọ.

"Ìyá oníbọ́ńsì ló ń bá wa ṣe olórí ilé báyìí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí èsì dé ná."

"Ọkùnrin wo ló ń na apá fún abẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀sùn obìnrin?"

"Èmi," ni mo wí. Mi ò ní èsì mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi dúró. Èmi tí mo máa ń pariwo kiri ọjà, mi ò jáde lọ sọ́jà. Mo ń fọkàn ṣe ìṣirò ìyá nọ́ọ̀sì nígbà gbogbo, mo ń fi ara mi sí Awo, mo ń mú ara mi kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a padà sí Òṣogbo, tí wọ́n fún wa ní ìwé èsì, méjì, tí wọ́n lẹ̀ pa, akọ̀wé ibẹ̀ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo máa wá níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn ò rí i. Ìyàwó mi mú tirẹ̀ sọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ẹdẹ, kò ṣí i, kò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Mo dúró níwájú bàbá rẹ̀. Mo já tèmi, mo ń fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ kíláàsì kìíní, òógùn ń bọ́ sórí ìwé. Mo rí ọ̀rọ̀ náà. Mo kà á, mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá náà kàn mi orí.

"Ó kù tèmi," ni ìyàwó mi wí, ó sì nà án sí mi. "Ẹ kà á kó dún. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà."

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo rò pé ó ti tán. Mo ní kó lọ gbé àpótí rẹ̀.

"Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ńkọ́?" ó ní. "Ìwé yìí ò tíì dé etí wọn. Mi ò lè máa gba àárín wọn kọjá kí wọ́n máa wò mí."

Ilẹ̀kùn mẹ́tàlá ló wà ní agboolé wa. Mo kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú ọ̀sán gangan. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo ka tèmi, mo ka tìyàwó mi, mo sọ fún wọn pé ojú mi ló ṣì í wò. Èmi tí kì í tọrọ àforíjì. Àwọn kan ní "a dúpẹ́," àwọn kan kàn ń wo ẹnu mi bó ṣe ń sọ òyìnbó. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi, mi ò nílò láti wo ìwé mọ́.

Wọ́n jókòó ti ìkòkò aró. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Tún un kà," ni wọ́n wí.

Mo tún un kà. Wọ́n ń fi igi ro aró tí kò nílò ríro. Lẹ́yìn náà wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú gèlè tí wọ́n fi ń lọ kírun ọdún, wọ́n ń wé e lọ lójú ọ̀nà.

"Dúró sílé," wọ́n sọ fún mi láìwẹ̀yìn. "Èmi ni mo sọ̀rọ̀, èmi ni kó lọ mú un wá."